Ọmọ mi ní òun ò fọwọ́ kan bàálù mọ́

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, Iléṣà. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òun nìkan ló wà nínú bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan. Bó ṣe ń sáré kó lè gbéra, imú ọkọ̀ yà sí òsì. Ó pa iná ẹ́ńjìnnì, ó tẹ búréèkì, ó já wọnú koríko, apá bàálù kan sì kán. Kò fara pa. Ó ti wálé, ó ní òun ò padà mọ́. Bàbá rẹ̀ ń pariwo: oko kòkó tí a tà ńkọ́? Èmi, kí n má parọ́, inú mi ń dùn lábẹ́lẹ̀. Ṣé kí n dákẹ́, àbí kí n bá a sọ̀rọ̀?

Màmá Ìbejì: Ẹ kú ewu o! Kó máa bá yín ta aṣọ. Ẹ rántí bàálù tó ń gbé òkú Àgágù, Gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ ní oṣù kẹwàá 2013. Èkó ló ti gbéra, Èkó náà ló já sí.

Bàbá Mẹkáníìkì: Ìdí ẹ́ńjìnnì bàálù ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ìyá wa, yíyà sí òsì yẹn kì í ṣe àjèjì. Tí awakọ̀ bá ti fún un níná tán, abẹ̀bẹ̀ iwájú máa ń fa imú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí òsì; ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń tẹ pẹ́dàlì láti dá a padà. Tí atẹ́gùn bá tún ń fẹ́ láti òsì, ìjàkadì dé nìyẹn. Ti Àgágù tí Màmá Ìbejì mú wá, ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ fáwọn awakọ̀ kí wọ́n tó gbéra, wọ́n ń bá a lọ. Ọmọ yín dúró. Kó kọ gbogbo ohun tó rántí sílẹ̀. Táwọn NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàm̀bá bàálù, bá bi í, kó má fi nǹkan pamọ́; ìwádìí tiwọn kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì: Ṣé ó ń sùn? Ṣé wọ́n ti yẹ ọrùn rẹ̀ wò? Ìrora ọrùn máa ń pẹ́ nígbà míì kó tó yọjú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild.

Ọmọ Ọbòkun: Ẹ bá wa sọ fún bàbá: Òṣómàáló tó ń lóṣòó gba gbèsè ni gbogbo wa, àmọ́ a kì í lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹni.

Ìyá tó béèrè: 😂 Ẹ ṣé. Kò sùn dáadáa lóòótọ́, a máa lọ lọ́la. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí i létí. Kò fèsì. Nígbà tó yá, ó ní kí n tún ibi ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn kà. Ó ní ẹsẹ̀ òsì lòun tẹ̀. Ó ti ń wá bírò báyìí.