Ẹ má fọ dọ́là fàdákà yẹn o

Houston: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá àgbà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa fún ọmọ mi ọkùnrin ní dọ́là fàdákà 6 kí wọ́n tó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Àwọn owó náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ti gé ọsàn wẹ́wẹ́, mo sì ti po eérú, bí màmá mi ṣe máa ń fọ ẹ̀gbà ọwọ́ wọn. Ta ló mọ̀ nípa owó yìí?

Baltimore: Àbúrò mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fún ọsàn yẹn sínú tíì! Èmi náà ti ṣe é rí. Mo fi ọṣẹ ìfọyín fọ dọ́là 1881 tó ní lẹ́tà S lẹ́yìn, ó dán gbinrin. Oníṣòwò tí mo gbé e lọ bá kàn yí i lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ iná, ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́, iye ìwọ̀n fàdákà inú rẹ̀ nìkan ló san. Ó dùn mí gan-an.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n tẹ owó náà, fàdákà ṣàn lábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi àwọn ìlà tín-tìn-tín sílẹ̀ tí ojú ò rí. Àwọn ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí po lójú kọ́ìnì bí ẹ bá ń yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ti ha wọ́n kúrò, wọn ò tún padà mọ́. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí: imí-ọjọ́ inú afẹ́fẹ́ ló pàdé fàdákà.

Orí obìnrin tó kọjú sí òsì ni àbí? Ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ ńkọ́?

Houston: Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. 1921 ni márùn-ún, 1885 ni ìkẹfà.

Baltimore: Dọ́là Morgan nìyẹn, orúkọ ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láti 1878 dé 1904, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Ti 1921 pọ̀ jọjọ, ó lé ní mílíọ̀nù 80. Ẹ wo ẹ̀yìn ti 1885, lábẹ́ ewé tó yí idì ká, lókè D àti O inú DOLLAR. Lẹ́tà ibẹ̀ ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: O ni New Orleans, S ni San Francisco, CC ni Carson City ní Nevada. Bí kò bá sí lẹ́tà, Philadelphia ni. CC ni gbogbo wa ń wá.

Chicago: Ẹ gbé wọn sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná o. Ojúlówó máa ń tó gíráàmù 26.73, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.1. Bí mágnẹ́ẹ̀tì bá fà á, ayédèrú ni. Ẹni tó bá fẹ́ ta 1893-S fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un: 100,000 péré ni wọ́n tẹ̀, àwọn kan sì máa ń lẹ S mọ́ èyí tí kò ní in.

Houston: O ló wà lẹ́yìn 1885. Ṣé kí n rán wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ kọ́ìnì wò, kí wọ́n fún wọn ní máàkì?

Baltimore: Láti 1 dé 70 ni máàkì náà; 60 sókè ni èyí tí wọn ò ná rí. Ẹ wo irun tó wà lókè etí obìnrin náà àti àyà idì, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pá. Bí irun bá ti di pẹrẹsẹ, ẹ má náwó sí i. PCGS àti NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún kọ́ìnì ní máàkì, kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, 1921 tó ti pá kò sì ní dá owó yẹn padà. 1885-O náà pọ̀, àfi tí ojú rẹ̀ bá mọ́ gan-an.

Houston: Irun tirẹ̀ ṣì hàn fínnífínní! Ọmọ ní òun ò ní tà á láéláé.

Baltimore: Ó káre. Ẹ kọ́ ọ kó máa di etí owó náà mú, kó má fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ẹ má sì kó wọn sínú ọ̀rá PVC rírọ̀, ó máa ń yọ nǹkan àwọ̀ ewé sí wọn lára.