Switch àárín wo ni kí n rà fún ọ́fíìsì èèyàn 140?

WáyàÌbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bódìjà ni ọ́fíìsì wa wà, ilé alájà mẹ́ta. Èèyàn 140, kámẹ́rà 32, fóònù orí tábìlì. Switch (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) 6 oní-port (ihò wáyà) 48 ló wà káàkiri àjà, ẹyọ kan ní àárín tí kò tilẹ̀ mọ VLAN (pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀) ni gbogbo wọn já sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan rí wáyà nílẹ̀ nínú yàrá ìpàdé. Ó ní kí òun bá wa tún un ṣe, ló bá ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ara ògiri. Gbogbo iná switch ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bíi ti Kérésì, a ò rí nǹkan kan ṣe títí di ọ̀sán. Ọ̀gá ti wá fọwọ́ sí owó. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kí n ra èyí tó ní PoE (iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ní gbogbo port. Ṣé òótọ́ ni?

Onífáíbà: Ẹ má dá a lóhùn. Kámẹ́rà àti fóònù ló ń jẹ PoE, orí switch àjà ni wọ́n sì wà. Layer 3 (èyí tó lè darí dátà láti VLAN kan sí òmíràn) tó ní SFP+ (ihò fiber) 12, oní 10 gigabit, ti tó yín. Ẹ fa fiber (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé dátà), ẹ má fi Cat6 (wáyà bàbà) ṣe é. Tó bá ti kọjá mítà 55, 10 gigabit ò dájú mọ́ lórí Cat6.

ÀgbàRáàkì: Ẹ ò tíì béèrè iná! Níbi tiwa, kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 ni. Switch á ti kú, ìṣẹ́jú 5 ló sì fi ń jí. Ra èyí tó ní power supply méjì, ọmọ mi. Ki ọ̀kan bọ inverter, ìkejì bọ UPS.

WáyàÌbàdàn: Ẹ ṣé, bàbá. Ṣé ẹyọ kan ńlá ni àbí méjì?

Onífáíbà: Méjì kéékèèké tó ṣeé stack (so pọ̀ bí ẹyọ kan), kí switch àjà kọ̀ọ̀kan fa fiber kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì. Ẹ béèrè láísẹ́ǹsì ọdọọdún kẹ́ ẹ tó sanwó o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ wá. Ṣùgbọ́n wáyà yàrá ìpàdé yẹn, switch àárín kọ́ ló máa mú un. Ara switch àjà lẹ ó ti tan BPDU guard (ohun tó ń ti port pa bí wáyà bá yí padà sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà). Ṣé tiyín ní i?

WáyàÌbàdàn: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí wọn wò ni. Mẹ́rin ní i. Méjì tó wà ní àjà kejì ò ní in. Àjà kejì sì ni yàrá ìpàdé wà.