Omi odò yìí mọ́ gaara, àmọ́ ẹja ti tán nínú rẹ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá létí oko mi. Èèyàn lè fò ó kọjá, omi rẹ̀ kì í sì í dé orúnkún. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ máa ń sá káàkiri bí òjìji mi bá ti bọ́ sójú omi. Ní báyìí, n kò rí ẹyọ kan. Omi náà kò rùn, mo ṣì lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo fi bébà yẹ pH rẹ̀ wò (ìyẹn bí omi ṣe kan sí), 7 ni, gbogbo ẹni tí mo sọ fún sì ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọkàn mi kò gbà. Níbì kan, ohun kan ń dán lójú omi bí epo. Kí ni mo lè fi ojú ara mi yẹ̀ wò, nígbà tí n kò ní ilé àyẹ̀wò?

Ìdáhùn 1

Ó dára tí ọkàn yín kò gbà. Omi tó ṣàn kọjá ní ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni bébà yín yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá da oògùn sí i lálẹ́ àná, ó ti lọ. Àwọn kòkòrò abẹ́ òkúta ni kò lọ. Òmíràn ti wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ohunkóhun tó bá kọjá nínú odò, ara wọn ló gbà á. Àwọn ni kí ẹ bi.

Ẹ wá ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta. Ẹ gbé àwọ̀n tí ojú rẹ̀ wẹ́ (nǹkan bí ìdajì mìlímítà) kanlẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ dúró síwájú rẹ̀, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ tú òkúta fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ da ohun tó bá wọ àwọ̀n sínú abọ́ funfun tó ní omi díẹ̀, kí ẹ sì mú sùúrù. Ìdọ̀tí nìkan lẹ máa kọ́kọ́ rí. Tó bá yá, ìdọ̀tí náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ọmọ kòkòrò mayfly sábà máa ń ní ìrù 3, ti stonefly 2. Ti caddisfly, ọ̀pọ̀ wọn ń fi iyanrìn tàbí igi wẹ́wẹ́ kọ́ ilé sára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn mẹ́ta yìí kò lè fara da omi tí ọ́síjìn rẹ̀ kéré, nítorí náà bí ẹ bá rí wọn lóríṣiríṣi, ayọ̀ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìdin pupa bí ẹ̀jẹ̀ àti ekòló tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló kún abọ́, odò náà ń jìyà. Ohun tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa náà ló mú kí ìdin yẹn pupa, òun ló sì jẹ́ kó lè yè níbi tí àwọn yòókù kú sí. Oríṣi ni kí ẹ kà, ẹ má wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ìdáhùn 2

Ẹ fi igi tọ́ ohun tó ń dán yẹn. Bó bá fọ́ wẹ́wẹ́ bí àwo tí kò sì padà so pọ̀, bakitéríà tó ń lo irin inú ilẹ̀ ló sábà máa ń fà á, kò sẹ́ni tó da nǹkan sí i. Bó bá ṣàn padà tó so pọ̀, epo ni.

Ìdáhùn 3

Ṣé òkúta rẹ̀ ń yọ̀, tí ohun àwọ̀ ewé bò ó? Ṣé igi ṣì wà létí odò? Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé ohun àwọ̀ ewé yẹn ń tú ọ́síjìn sómi lọ́sàn-án, àmọ́ lóru, òun náà ń mí ọ́síjìn ọ̀hún. Ìdájí ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Ẹni tó bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án á ní kò sí wàhálà. Bí kò bá sí igi tó ṣíji bo omi, oòrùn tún ń dá kún un: lítà omi 1 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn ní 20°C, àmọ́ ní 30°C, kò ju bíi 7.5 lọ. Bó bá wálẹ̀ ju 5 lọ, ara ti ń ni ọ̀pọ̀ ẹja.

Olùbéèrè

Òkúta ń yọ̀ gan-an. Igi etí odò, èmi ni mo gé e lọ́dún méjì sẹ́yìn kí oko lè fẹ̀ sí i, mo sì ń fi ajílẹ̀ sí i títí dé bèbè. N kò ronú pé odò lè mọ̀ ọ́n lára. Ó dùn mí gan-an.

Ìdáhùn 1

Lóòótọ́, ajílẹ̀ tó bá ṣàn wọ odò máa ń bọ́ ohun àwọ̀ ewé yẹn, àmọ́ ẹ má tíì dá ara yín lẹ́bi. Ẹ kó kòkòrò lókè odò, kí omi tó dé oko yín, kí ẹ tún kó o nísàlẹ̀ oko, lọ́jọ́ kan náà, níbi tí òkúta àti eré omi ti jọra. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá rí bákan náà, àtòkè ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ẹ bo egbò ara yín kí ẹ tó wọ omi, ẹ má sì dá lọ.

Olùbéèrè

Èmi àti àbúrò mi lọ láàárọ̀ yìí. Ohun tó ń dán yẹn fọ́ bí àwo, a dúpẹ́. Lókè, a rí caddisfly mélòó kan nínú ilé iyanrìn wọn, a rí onírù 3, a rí ọmọ lámilámi. Nísàlẹ̀ oko, ìdin pupa ni ṣáá, ẹrẹ̀ sì ti dí gbogbo àárín òkúta. Mo ti dá ajílẹ̀ dúró létí omi. Àwọn igi wo ló máa ń tètè di ilẹ̀ bèbè mú?