Kí ni statistics fẹ́ bá mi ṣe nínú báyọ́lọ́jì?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, bakitéríà ni mò ń kọ́, wọ́n wá ní dandan kí n mọ statistics. Kí ló fẹ́ sọ tí ojú ò ní rí?

— Ó pọ̀ o! Ẹ wo Luria àti Delbrück, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, ní 1943, wọ́n tọ́ bakitéríà nínú túùbù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n kó wọn pàdé fáírọ́ọ̀sì tó ń pa bakitéríà, wọ́n wá ka èyí tó yè. Tó bá jẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló ń yí wọn padà kí wọ́n lè yè, variance (bí iye tó yè ṣe yàtọ̀ tó láti túùbù sí túùbù) á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mean (ìpíndọ́gba wọn) dọ́gba, bíi ti Poisson, ìlànà ìṣirò fún ohun tó ń ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ túùbù kan ní òdo, òmíràn ju ọgọ́rùn-ún lọ!

— Torí àyípadà yẹn ti wà kí fáírọ́ọ̀sì tó dé ni, èyí tó tètè yípadà ti bímọ rẹpẹtẹ.

— Áà, ó ti yé mi, ẹ ṣé gan-an. Poisson ni màá kọ́kọ́ kà.