Jẹnẹrétọ̀ dísù mi ń kú lójijì: ibo ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹja yìnyín ni mò ń tà n'Íbàdàn. Jẹnẹrétọ̀ dísù onísìlíńdà 3 tó ń gbé fìríìsà mi ló fẹ́ dójú tì mí.

Láàárọ̀, kíá ló ń tan. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú 20, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á sì kú. Tí a bá tú nọ́ọ̀tì kékeré orí fílítà, tí a fọwọ́ fa dísù wá, èyí tó ń hó bí omi ọṣẹ ló ń kọ́kọ́ yọ kí ojúlówó tó dé. Lẹ́yìn náà, á tan padà.

Mo ti pààrọ̀ fílítà lẹ́ẹ̀mejì. A ti fọ tánkì. Omi díẹ̀ wà nídìí rẹ̀, a dà á nù. Mo tiẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ihò èémí ló dí, pàbó ló já sí. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni tánkì yìí wà, n ò sì rí ibi tí dísù ti ń jò.

Mẹkáníìkì mi ní ká tú pọ́ǹpù tó ń ti dísù sí nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì). Owó tó pè ju èrè oṣù kan lọ! Ọkàn mi ò sì gbà á tán, torí fílítà ló kọ́kọ́ ní ó jẹ̀bi.

Kí n tó náwó, báwo ni mo ṣe lè mọ ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láàárín tánkì àti pọ́ǹpù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.