Guangzhou sí Dubai: wákàtí mélòó gan-an la máa lò lókè?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Guangzhou tá a ti wá ra léèsì ni èmi àti màmá mi ti ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Dubai la ó ti wọ bàlúù kejì. Màmá ní àtọ̀gbẹ. Aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́ ni wọ́n ń gún insulin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹun tẹ̀ lé e kíá.

Tíkẹ́ẹ̀tì wa ní a ó gbéra ní 00:15, a ó balẹ̀ ní 04:50. Aago Guangzhou fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú ti Dubai, ìyẹn ló jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ sí wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú 35. Àmọ́ mo wọn ọ̀nà náà lórí máàpù: bíi kìlómítà 5,800. Bàlúù tó ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan ò yẹ kó lò ju mẹ́fà àtààbọ̀ lọ. Ṣé atẹ́gùn ló ń dá a dúró ni, àbí kì í gba ọ̀nà tààrà?

Tó bá jẹ́ mẹ́fà àtààbọ̀, a ti balẹ̀ kí aago méje tó lù ní Guangzhou. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ àtààbọ̀, òkè la ṣì wà, mo sì gbọ́dọ̀ di oúnjẹ Màmá sínú báàgì ọwọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí, wákàtí mélòó lẹ lò kí táyà bàlúù tó kan ilẹ̀ Dubai?