Dókítà ní ó lè jẹ́ ADHD: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ibùkún: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 8, kì í jókòó sójú kan. Tíṣà rẹ̀ ní kì í parí iṣẹ́, àti pé ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè tán. Bí mo bá rán an ní iyọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bá ewúrẹ́ ṣeré, iyọ̀ ti di ìgbàgbé. Dókítà kan ní ó lè jẹ́ ADHD, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ pọkàn pọ̀ tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá ọkọ mi ní mo ti kẹ́ ẹ bà jẹ́, pé ṣúgà sì pọ̀ jù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n mú un wá fún ìdáǹdè. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ yéé dá ara yín lẹ́bi. Àwọn olùwádìí méjì, Faraone àti Larsson, kó ìwádìí 37 jọ tí wọ́n ṣe lórí àwọn ìbejì. Ìdá 74 nínú 100 ohun tó mú kí èèyàn yàtọ̀ síra lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ àjogúnbá. Ẹ rọra bi ìyá ọkọ yín bí bàbá Ibùkún ṣe rí ní kékeré!

Ti ṣúgà, wọ́n ti dán an wò: wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní ṣúgà, wọ́n fún àwọn mìíràn ní adùn tí kò ní ṣúgà, òbí ò mọ èwo lèwo. Nígbà tí Wolraich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ ní 1995, ìwà àwọn ọmọ náà ò yàtọ̀. Hoover àti Milich tiẹ̀ sọ fún àwọn ìyá kan pé ọmọ wọn ti mu ṣúgà, bẹ́ẹ̀ kò mu ún. Àwọn ìyá yẹn ló ní ara ọmọ àwọn ò balẹ̀ rárá! Ṣúgà ń ba eyín jẹ́ o, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Bàbá Alájọ: Nígbà tiwa, pàṣán la fi ń tọ́ irú wọn. Àrùn òyìnbó lèyí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún un ní oògùn tó máa di bárakú.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Bàbá, mo gbọ́ yín. Àmọ́ ní 2007, Adewuya àti Famuyiwa tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lé ní 1,000 ní Nàìjíríà níbí, wọ́n sì rí ADHD lára nǹkan bíi 9 nínú 100. Ní 1902, dókítà ọmọdé kan, George Still, ti ń ṣàlàyé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn dókítà ní London, kò tíì sí tẹlifíṣàn, ká má tiẹ̀ sọ fóònù.

Methylphenidate ni oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ. Ó lè má jẹ́ kí oúnjẹ wu ọmọ jẹ, ó sì lè lé oorun lọ, ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń wo ìwọ̀n ara àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí ò fi hàn pé àwọn tó lò ó ní kékeré ń di ajoògùnyó ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ẹ ṣáà má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì.

Tíṣà Ọ̀yọ́: Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní alágídí, etí ni kò gbọ́ dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa rán an lẹ́ẹ̀kan. “Lọ wẹ̀, wọṣọ, mú báàgì, pe àbúrò rẹ”, ó ti pọ̀ jù. Kí wọ́n gbé e jókòó síwájú, kó jìnnà sí fèrèsé. Àwọn ọmọbìnrin tó ní in sì wà tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ọkàn wọn ṣáà ń lọ ni. Ẹnikẹ́ni kì í ka tiwọn sí.

Akin Peckham: Èmi ti dàgbà kí wọ́n tó rí tèmi. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un o, ìbéèrè ni wọ́n ń bi yín: ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 12, ṣé ó ti lé ní oṣù 6, ṣé ó ń ṣẹlẹ̀ nílé àti níléèwé. Ẹ gbàdúrà tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ yẹn tàbí fi ebi pa á.

Ìyá Ibùkún: Ẹ ṣé gan-an. Ìbàdàn la wà. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ gba ilé ìwòsàn UCH lọ, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ àti lẹ́tà láti ọwọ́ tíṣà. Ẹ tètè jí o, èrò máa ń pọ̀.